Ẹsẹ̀ Afínjú

Ọmọbìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tín-ín-rín ń nu pátákò Afínjú, ẹṣin rẹ̀, lọ́wọ́ nígbà tí ẹṣin náà ṣàdédé fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan yọ. Ó rọra gbá ẹsẹ̀ náà mú, ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná ju àwọn yòókù lọ.

Ó ku díẹ̀ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Nítorí ìdánwò yìí ló ṣe fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ wá sí òkè òkun, tó ń sùn sí yàrá kótópó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹṣin, tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin láràárọ̀ kí olùkọ́ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹṣin rìn létòlétò bí ẹni ń jó, láìpariwo mọ́ ọn, láìnà án. Ẹni tó bá yege ni olùkọ́ máa gbà síṣẹ́.

"Ẹsẹ̀ Afínjú gbóná o," ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Panu ẹ mọ́ jàre! Ṣé ẹṣin máa fẹjọ́ sùn ni? Àbí ọwọ́ òfo lo fẹ́ fi padà sílé?"

Tín-ín-rín gbé gàárì lé ẹṣin. Ó panu mọ́ lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n wọ pápá, Afínjú rìn, ó yí, ó fẹsẹ̀ dárà. Àwọn adájọ́ ń mirí. Ṣùgbọ́n Tín-ín-rín tó wà lórí rẹ̀ mọ ohun tí wọn ò rí. Bí ẹṣin náà bá ti fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n. Síbẹ̀, kò kọ ohunkóhun tí ọmọ náà ní kó ṣe. Ẹṣin tó jẹ́ pé omi ẹrẹ̀ lásán ló ń sá fún, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Afínjú, ló wá ń fara da ìrora nítorí rẹ̀! Ìyẹn ló dun ọmọbìnrin náà wọra.

Ó fa ìjánu, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó sọ fún olùkọ́, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Mo ti mọ̀ ká tó wọlé."

"O mọ̀, o sì gùn ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Wọ́n fagi lé ìdánwò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà ẹran dé, ó gbẹ́ abẹ́ pátákò náà díẹ̀, ọyún tú jáde. Afínjú mí kanlẹ̀.

"Orí ló yọ ọ́," dókítà sọ. "Ká ní ẹ ò tètè dúró ni, ó lè má fi ẹsẹ̀ yìí rìn dáadáa mọ́. Ó máa gbádùn."

Tín-ín-rín jókòó sórí koríko gbígbẹ, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wá dúró tì í.

"Mi ò lè fún ẹ níṣẹ́ lónìí, torí pé o kọ́kọ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa tọ́jú ẹsẹ̀ yìí. Tó bá ti jinná, wàá tún ìdánwò ṣe. Ọmọ tó lè sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mi ò ní jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Tín-ín-rín pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó rò ó bó ṣe rí.

"Ẹṣin náà ńkọ́?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ó ti ń jẹun, Màámi."

"Ó dáa. Ìwọ náà lọ jẹun, ọmọ mi."

Ara tu Tín-ín-rín pẹ̀sẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti yé e pé kò sí àṣeyọrí tó yẹ kí èèyàn tìtorí ẹ̀ pa ẹni tó gbọ́kàn lé e lára.