Aago Mẹ́rin ní Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

Aláburẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun rí mi níbi tí mi ò sí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Mo ń ṣa búrẹ́dì lórí àtẹ rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀.

"Mo kí yín ní Sátidé, ẹ ò dá mi lóhùn," ó ní. "Iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó kọjú sí mi yìí, ní aago mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí yín."

Mo ní kì í ṣe èmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú òun kò tíì fọ́. Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, inú gbọ̀ngàn oúnjẹ ilé-ìwé ni mo wà, ìwé eré wà lọ́wọ́ mi, èèyàn mọ́kànlá sì lè jẹ́rìí sí i. Ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Sátidé náà, mo parọ́ kan síbẹ̀, mo sì ti pinnu pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí. Àwa òṣìṣẹ́ kan la kó ara wa jọ láti ṣe eré olórin. Kò sí ẹni tó fi eré ṣíṣe jẹun nínú wa. Alápatà ló ń ṣe ọba. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀bẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ijó. Bí a bá ní kí gbogbo wa yà sọ́tùn-ún, òsì ló máa yà sí, á sì máa bínú sí àwa yòókù. Awakọ̀ ló ń ṣe ìránṣẹ́ ọba. Kì í dúró kí wọ́n pè é kó tó wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá ròyìn pé ogun ti parí nígbà tí ogun kò tíì bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló ń tẹ dùùrù. Ohùn kan kò jáde nínú dùùrù náà mọ́, nítorí náà tó bá ti kàn án, á fi ẹnu kọ ọ́, "pọ́ọ̀n," á sì máa bá títẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí wa. Àpatẹ́wọ́ là ń pè é, torí àtẹ́wọ́ ló fi ń dá wa dúró, ó sì lè pa á ní ogún ìgbà kí orin kan tó parí. Mo ti rẹ́rìn-ín láàárín àwọn èèyàn yẹn títí ìhà fi ń dùn mí. Ohun tí mo ṣe fún wọn ló burú, kì í ṣe àwọn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú ìwé eré, kí n máa sọ ọ̀rọ̀ sétí ẹni tó bá gbàgbé. Ìyá Ìrántí ni orúkọ tí wọ́n fún mi. Àpatẹ́wọ́ kò fẹ́ kí òṣèré tó gbàgbé dúró ronú. "Ohun tí Ìyá Ìrántí bá ti sọ, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ jáde. Ẹni tó bá ń rò ó ti jẹ́ kí òǹwòran mọ̀ pé ó gbàgbé." Tí ẹnì kan kò bá wá, àga là ń gbé sí ibi tó yẹ kó dúró. Gbogbo wọn á máa bá àga náà ṣeré, èmi á sì máa ka ọ̀rọ̀ onítọ̀hún. Ẹni tí àga bá dúró fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, ipa rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn.

Aránṣọ ló ń ṣe ayaba. Tó bá ti gbé orin ìkẹyìn, níbi tí ayaba ti ń jẹ́wọ́ ohun tó fi pa mọ́ fún ọba, alápatà pàápàá máa ń gbàgbé láti bínú. Ọmọ mi obìnrin wà lára àwọn ẹlẹ́gbè. Ohùn tirẹ̀ náà dùn, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí pé èmi ni mo bí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbìyànjú láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin, wọn ò mú un. Nígbà tí Àpatẹ́wọ́ wá sọ fún wa pé àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà méjì ń bọ̀ wá wo eré wa, pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá tí wọ́n máa kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ mi wò mí, ó sì yára gbójú sílẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ẹlẹ́gbè mẹ́fà?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òrùlé gbọ̀ngàn wa àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tí a fi kó lọ sí ti ilé-ìwé. Fóònù aránṣọ ti bọ́ sómi. Àpatẹ́wọ́ ní kí n bá òun sọ fún un, torí èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo lọ. Aránṣọ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì wà láàárín ètè rẹ̀. Mo ní, "Òrùlé ti ń jò. A ti dá ìdánrawò dúró títí wọn á fi tún un ṣe. Má dá ara rẹ láàmú, n ó wá sọ fún ọ." Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo padà lọ bá Àpatẹ́wọ́, mo ní aránṣọ ti gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú. Kò tù mí nínú ju ìwọ̀nba ọ̀nà ilé lọ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n gbé àga ayaba síta. Mo ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ dáadáa títí aago fi lu mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni Àpatẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́. "Ìyá Ìrántí, ẹ gbóhùn sókè." Mo gbé e sókè. Ó tún ní kí n gbé e sókè. Ní Sátidé kejì, awakọ̀ yọjú wò mí lẹ́yìn aṣọ ìkélé ní déédéé aago yẹn. "Mà, ẹ̀ ń mi ètè lásán," ó ní. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Èmi ń gbọ́ ara mi, ṣùgbọ́n ó dà bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì, ìtutù kan sì bo orúnkún mi méjèèjì bí ìgbà téèyàn bá fi wọ́n lélẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Ní Sátidé kẹta wọ́n gbé àga náà kúrò. Ọmọ mi ni Àpatẹ́wọ́ fi ṣe ayaba, torí ó ti mọ gbogbo orin náà. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní, "Màámi, àdúrà yín ni." Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ mi sókè láti dì mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí kì í ti kọrin nínú ilé. Ó ń fọ àwo, ó ń kọrin. Ó ń di irun, ó ń kọrin. Inú mi ìbá dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, aláburẹ́dì tún dá mi dúró, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú o. Kí lẹ ń tọrọ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn gan-an? Ẹ dàgbà jù ú lọ. Gbogbo Sátidé lẹ máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀."

Mi ò ra búrẹ́dì lọ́jọ́ náà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìdánrawò ìkẹyìn. Mo kúrò nílé ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Bí mo ṣe ń jáde, ìṣó ẹnu ọ̀nà fa etí aṣọ mi ya, mi ò sì dúró láti rán an. Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù, aránṣọ dìde, ó sì fẹ̀yìn rìn dé ara ògiri. Ó wo aago. Lẹ́yìn náà ló rọra na ọwọ́, ó fi ìka kan ọrùn ọwọ́ mi.

"Ẹ lọ́ wọ́ọ́rọ́," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀yin gan-an nìyí. Ẹnì kejì máa ń tutù."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́. Ó yára mú mi lápá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga."

Mo jókòó. Ó sọ ọ́ fún mi láìbínú, ìyẹn ló sì burú jù. Sátidé àkọ́kọ́ ni mo ti wá, ó ní. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, mo sọ gbogbo irọ́ mi, mo sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ orin àti ti ọmọ mi. Inú bí i, ó fẹ́ lọ bá Àpatẹ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún mi pọ̀ ju ohun tó lè wò lọ, ló bá dárí jì mí, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ fún ọmọ mi. Mo dìde, mo lọ.

"Ní Sátidé kejì ó tún dé," aránṣọ ní. "Ojú kan náà ló kúnlẹ̀ sí. Ó tún sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kò yọ ọ̀rọ̀ kan, kò fi ọ̀kan kún un. Ní Sátidé kẹta, ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé nígbà tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbí. Ó ní òun bá yín lẹ́yìn aṣọ ìkélé, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ yín."

"Àbúrò mi, dárí jì mí," ni mo wí.

"Mo ti dárí jì yín, mà. Mo ti sọ ọ́ fún un ní gbogbo ìgbà tó wá. Kò gbọ́. Mo rò ó títí, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ náà kù sí." Ó wò mí lójú. "Ǹjẹ́ ọmọ yín mọ̀?"

"Rárá."

"Ẹ sọ fún un."

"Tí eré bá ti parí," mo ní. "Tí àwọn olùkọ́ yẹn bá ti lọ. Tó bá gbọ́ nísinsìnyí, kò ní lè kọrin."

Ó tún wo aago. "Ẹ máa lọ, mà. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò fẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì pọ̀."

Mo dé ìkángun òpópó kí n tó bojú wẹ̀yìn. Obìnrin kan ń wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí etí aṣọ rẹ̀ tó ya, òwú rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Mo sáré bí mi ò ṣe sáré láti ìgbà ọmọdé mi.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ mi, mi ò sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo la ẹnu. Lẹ́ẹ̀kan, ó ń lọ aṣọ ayaba, ó wò mí, ó ní, "Màámi, kí ló dé?" Mo ní kó ṣọ́ra kí áyọ́ọ̀nù má jó aṣọ. Àgbàlagbà ni mí, mo sì ń sá fún ojú ọmọ tí mo bí.

Aago mẹ́ta ni eré bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé ọ̀hún. Gbọ̀ngàn kún. Alápatà yà sósì nígbà tó yẹ kó yà sọ́tùn-ún, àwọn èèyàn rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Awakọ̀ dúró kí wọ́n pè é. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ orin méjèèjì jókòó níwájú, ọ̀kan ti fi gègé sílẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ mi ti kọ orin àkọ́kọ́. Mo yọjú láti etí aṣọ ìkélé, mo sì rí aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ ní ìlà kẹta. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ó wá. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé tó bá wà níbí, ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì, mi ò sì mọ ibi tí ẹni tó ń bọ̀ ní aago mẹ́rin máa gbà lọ.

Orin ìkẹyìn dé bí aago ṣe fẹ́ lu mẹ́rin. Ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú ọba, ó kọ ẹsẹ kìíní, gbogbo gbọ̀ngàn sì parọ́rọ́. Ẹsẹ kejì kò wá sí i lọ́kàn. Mo mọ̀, torí ọwọ́ òsì rẹ̀ mú etí aṣọ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ń tẹ ohùn kan náà lọ, ó ń dúró dè é. Mo la ẹnu, ìlà náà wà níwájú mi gedegbe, ṣùgbọ́n ohùn mi kò jáde rárá.

Ìtutù dé ẹ̀yìn ọrùn mi. Ẹnì kan ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, níbi tó há tó bẹ́ẹ̀ tí kò gba ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ohùn mi, ó mọ́, ó dúró ṣinṣin, ó ń sọ ọ̀rọ̀ sétí ọmọ mi bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Ó ń sọ lọ.

Ọmọ mi kò rò ó. Ó gbà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó gbé orí sókè sí àwọn èèyàn, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ kọ ọ́:

"Mo parọ́ fún aránṣọ, mo ní a ò ṣeré mọ́. Mo gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e fún ọmọ mi."

Alápatà wo àwọn tó kù, kò yé e. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ti tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, omi lé sí i lójú. Ní ìlà kẹta, aránṣọ fi ọwọ́ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ohùn ẹ̀yìn mi sọ ìlà tó kù, ọmọ mi sì gbé e sókè pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí:

"Èmi ìyá rẹ̀ ni mo ṣe é. Ọmọ mi kò mọ̀."

Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn ti dìde. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó rọra yí orí sí apá ibi tí mo wà, ó wò mí, ó sì ti mọ̀.