Ọmọbìnrin Tó Ń To Pẹ́pẹ́yẹ Igi

Ìbọn Valsin dún gbàù, ṣùgbọ́n nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń léfòó lójú omi, kò sí èyí tó fò, kò sì sí èyí tó kú. Orí ọ̀kan nínú wọn ló ṣẹ́ dànù, tó ń fò lọ bí èèpo igi. Kí Valsin tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọbìnrin kan dìde láàárín koríko odò. Ó wọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó dé àyà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ṣé o fọ́jú ni? Igi lo yìnbọn sí yẹn!"

Àyà Valsin já. Ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. Bí ọmọbìnrin yẹn bá sún ẹsẹ̀ méjì sí apá òsì, ọ̀rọ̀ ì bá di ti ẹkún. Ó jókòó gbì sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ rẹ̀.

Èmi tí wọ́n bí sínú àbàtà yìí ti rí oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọkùnrin àti obìnrin ń gbà pàdé: níbi ijó ọjọ́ Sátidé, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí ìkòkò edé. N kò tíì rí èyí tí wọ́n fi ìbọn bẹ̀rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ni Valsin wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. "Mo rò pé wọ́n ń jẹun ni."

"Igi ń jẹun?"

"Bó o ṣe tò wọ́n ni! Èyí tẹrí ba, èyí gbé orí sókè bíi pé ó ń ṣọ́nà, méjì kọ̀yìn síra wọn bíi tọkọtaya tó ń jà. Mo lè fi Màríà Mímọ́ búra pé wọ́n wà láàyè."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ máa bínú lọ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, níbi tí a ti ń fi pẹ́pẹ́yẹ igi tan ti tòótọ́ wá bà, kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ará ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹ́, àbí?"

"Bàbá mi ló ni oko ìrẹsì tó wà lókè ọ̀hún. Valsin lorúkọ mi."

"Zulma ni tèmi. Ará oko ìrẹsì nìkan ló lè pa igi, kó tún máa wá ẹran rẹ̀ kiri."

Valsin ṣèlérí pé òun á gbẹ́ orí mìíràn. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, ó gbé e wá sílé wọn. Bàbá Zulma, Ovide, gbà á, ó fi àtàǹpàkò pa á lára títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Adìyẹ lèyí, ọmọ mi. Lọ gbẹ́ ẹ wá." Ó gbẹ́ ẹ wá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì jọ pẹ́pẹ́yẹ tí ikọ́ ń ṣe. Nígbà tí Kérésìmesì fi máa dé, ó ti gbẹ́ orí márùn-ún, bẹ́ẹ̀ orí kan ṣoṣo ló fọ́. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé kì í ṣe torí pẹ́pẹ́yẹ ló ṣe ń wá.

Ovide kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kó àwọn ọdẹ ìlú ńlá wọ inú àbàtà. Bó bá káwọ́ bo ẹnu tó dún bíi pẹ́pẹ́yẹ, ẹyẹ á yà kúrò lójú ọ̀run wá bá a. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Láti bí ọdún méjì, ó ní omi tútù ń dun òun ní orúnkún, Zulma ló sì ń to pẹ́pẹ́yẹ igi fún un.

Ohun kan ń ya àwọn ọdẹ lẹ́nu nípa Zulma. Pẹ́pẹ́yẹ kì í bà láìkọjú sí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń to ti igi á fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí tòótọ́ máa bà sí. Bí afẹ́fẹ́ bá sì yí, á wọ omi lọ yí wọn padà. Zulma kì í yí tirẹ̀. Apá ọ̀tún ogún, apá òsì ogún, àlàfo láàárín gan-an, níwájú ibùba tí wọ́n ń jókòó sí. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, á ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Wọ́n ní olóríkunkun ni.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, bí wọ́n ṣe ń tu ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìnkùlé, Valsin dá ọwọ́ dúró.

"Zulma, olólùfẹ́ mi, fẹ́ mi."

"Rárá."

Kíá ló sọ ọ́, bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Ìyẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Valsin.

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ràn rẹ. Má tún bi mí mọ́." Omijé sì dà lójú rẹ̀.

Ọkùnrin méjì ti wá ṣáájú Valsin. Zulma lé àkọ́kọ́ nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé egungun ẹja mì, ó lé èkejì nítorí etí rẹ̀ tó tóbi. Valsin nìkan ni Zulma kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí lẹ́sẹ̀, ó sì tún kọ̀ ọ́. Ojú mi ti rí nǹkan, ṣùgbọ́n èyí rú mi lójú.

Nígbà tí Ovide gbọ́, ó lu tábìlì, ife sì fò.

"Ṣé kí n kú kí n fi í sílẹ̀ lóun nìkan nínú ẹrẹ̀ yìí ni? Valsin, wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ ni kó o to pẹ́pẹ́yẹ. Bí ẹyẹ bá bà síbi tó o tò, èmi fúnra mi ni n ó bá Zulma sọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá bà, máa lọ gbin ìrẹsì rẹ."

Zulma fa Valsin lọ́wọ́ dé ìdí ọkọ̀. "Bí mo ṣe ń tò ó ni kó o tò ó. Kódà bí afẹ́fẹ́ bá yí, má sún ẹyọ kan."

"Kí ló dé?"

"Ṣèlérí fún mi."

Ó ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Sátidé, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Valsin wà nínú omi dé ìbàdí, ó ń ju òjé tí wọ́n so mọ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ kí omi má bàa gbé e lọ. Apá ọ̀tún ogún, apá òsì ogún. Òun àti Zulma àti Ovide jókòó sínú ibùba, afẹ́fẹ́ òkun sì wà lẹ́yìn wọn. Bí oòrùn ṣe yọ, afẹ́fẹ́ òkun kú pátápátá. Ti àríwá dé lójijì, ó tutù, ó sì ń gbá wọn lójú. Ọ̀wọ́ ẹyẹ kan yí wọn po, wọ́n wo pẹ́pẹ́yẹ igi náà, wọ́n lọ. Òmíràn dé, òun náà lọ. Valsin rí i pé ìyàwó òun ló ń fò lọ yẹn.

Okùn ọkọ̀ tú, Zulma sì lọ so ó lẹ́yìn koríko. Valsin kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó yọ́ wọ inú omi. Ovide rò pé ó lọ ran Zulma lọ́wọ́ ni, ó káwọ́ bo ẹnu, ó ń pe ẹyẹ lọ. Valsin fi pẹ́pẹ́yẹ igi dí àlàfo àárín pa, ó ṣí òmíràn sápá òsì, ó sì padà wọ ibùba, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Ariwo ìyẹ́ ẹyẹ sọ lókè. Zulma dé ẹnu ibùba ní ìṣẹ́jú yẹn, ó wo ojú omi, ó figbe ta: "Valsin! Kí lo ṣe?"

Pẹ́pẹ́yẹ bí ọgbọ̀n bà sápá òsì, níbi tí Valsin ṣí sílẹ̀ gan-an. Ovide dìde. Kò wo apá òsì. Ó gbé ìbọn sí àárín, ó sì yìn ín lẹ́ẹ̀mejì.

Èérún igi fọ́n ká. Àwọn ẹyẹ tòótọ́ fò lọ, kò sí ọ̀kan tó fara pa.

Jìnnìjìnnì bo Valsin. Ojú ibẹ̀ gan-an ló dúró sí nínú omi, kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn.

"Ìbọn yín bà wọ́n, Bàbá," ni Valsin wí jẹ́jẹ́.

"Má purọ́ fún mi, ọmọ. Ìró igi ni mo gbọ́." Arúgbó náà jókòó. Ó na ìbọn sí afẹ́fẹ́ títí ẹnì kan fi gbà á. "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. N kò ní yìn ín mọ́ láyé. Ó pé ọdún méjì tí mi ò ti rí ju kùrukùru lọ. Mo mọ̀ pé àárín ni àlàfo ń wà, nítorí Zulma kì í yí i. N kò sọ fún un. Bó bá mọ̀, kò ní lọ́kọ láéláé."

"Bàbá mi," ni Zulma wí, "mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ da kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Kí ni ẹ rò pé ó ń jẹ́ kí n máa tò ó sójú kan náà?"

Ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, àmọ́ ti bàbá àti ọmọ nínú ilé kan náà, fún ọdún méjì gbáko! Ovide la ẹnu. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde.

"Nítorí mi lo ṣe lé àwọn ọkùnrin yẹn?"

"Nítorí yín ni. Etí ẹni kejì yẹn náà dá kún un o."

Valsin kò mọ ibi tí yóò wò. "Zulma, mo yẹ àdéhùn. Dárí jì mí."

Fìlà rẹ̀ tó rin fún omi ni Zulma fi nà án láyà. "Bí ìbọn yẹn bá bà ẹ́ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe?" Bó ṣe sọ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ ta gìrì sí ohun tó ti ẹnu òun jáde.

Valsin yíjú sí Ovide. "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi méjì wà lóko ìrẹsì. Ibí ni n ó máa gbé. Èmi àti Zulma á máa tò, ẹ̀yin á máa pe ẹyẹ. Ẹnu yín ò fọ́jú."

"Kí ọkùnrin wá gbé nílé àna rẹ̀? Kí ni bàbá rẹ máa wí?"

"Á pariwo. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á dákẹ́."

Ovide nu ojú rẹ̀. "Sọ fún mi, Valsin. Báwo lojú ọmọ mi ṣe rí báyìí?"

Valsin wò ó dáadáa. "Ẹrẹ̀ wà nímú rẹ̀. Ó ń sunkún. Inú ṣì ń bí i sí mi."

"Kò rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá, ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Tún bi í."

Valsin tún bi í, níbẹ̀ náà, nínú òtútù àríwá, omi ń kán lára rẹ̀. Zulma kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ arúgbó náà lé ojú ara rẹ̀, ó sì rọra mi orí lábẹ́ rẹ̀, sókè, sísàlẹ̀.

"Ó gbà," ni Ovide wí.