Ọkùnrin Tó Wá Wádìí Ilé Mojíbọ́lá

Ọjọ́ tí Mojíbọ́lá kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ìka ọwọ́ onítọ̀hún há sínú àga. Ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ti parí, àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Garland, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, sì ń ká àga jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ni, àwọn oníjó ìdárayá máa ń gbà á ní aago méjì. Àlejò kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó ga, ó dúdú, ó ń dán, ó di àga onírin kan tó ṣeé ká mú. Kò gbé e, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sister," ó rọra sọ bí Mojíbọ́lá ṣe ń kọjá, "ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí nǹkan yìí? Mi ò fẹ́ pariwo, kí pásítọ̀ má lọ rò pé ẹ̀mí ló gbé mi."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Mojíbọ́lá. Ó tẹ ẹ̀yìn àga náà, ìka jáde, ó ti wú. Iṣẹ́ rẹ̀ ní hospital ni kó máa kọ́ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún bí wọ́n ṣe máa tún rìn, ìka wíwú ò bà á lẹ́rù. Ó fa ọkùnrin náà lọ sí kíṣìnì, ó gbé yìnyín lé e lọ́wọ́, ó sì sọ fún un pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń mú àga, pé ẹni tó bá mú un níwájú, àga á mú un padà.

Ó ní Ọládèjì lorúkọ òun, Addison lòun ń gbé. Nígbà tí Mojíbọ́lá bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní òun máa ń bá ilé iṣẹ́ kan wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Mojíbọ́lá rò pé ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, torí ọ́fíìsì irú wọn kún Addison. Kò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa da ìbéèrè bo irú ọkùnrin báyẹn?

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ìyá Adéfọlá pe Mojíbọ́lá lórí fóònù. Àwọn ni olórí ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti Garland dé Lancaster tí kì í dé etí wọn. Wọ́n ní àlejò oníkóòtù yẹn dá àwọn dúró nídìí mọ́tò, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ilé Mojíbọ́lá. Ṣé bàbá wọn máa ń tètè bínú? Ṣé àwọn ọmọ máa ń kí àgbà? Ṣé ọlọ́pàá wá síbẹ̀ rí? Ṣé kò sí àìsàn kankan tí wọ́n ń fi pamọ́?

"Mojí, èèyàn kì í bèèrè irú nǹkan wọ̀nyí lásán," ni Ìyá Adéfọlá wí. "Ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó ló ń wádìí ilé. Mo ti bá ẹ yin ilé yín dáadáa o."

Òótọ́ kúkú ni. Yorùbá wo ló ń fẹ́ ọmọ láìwádìí ilé tó ti jáde? Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Mojíbọ́lá, àdúrà ọkọ tí wọ́n ti gbà lé e lórí kò lóǹkà, àfi bí ẹni tó ń bọ̀ ṣe wọlé fúnra rẹ̀ tó lọ fìka há àga. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbàgbé oúnjẹ sórí iná. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní kíṣìnì. Bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ní Lancaster nìkan ni wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, tí wọ́n bèèrè pé ṣé ọkùnrin náà ò lẹ́bí ni, tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń wádìí kiri. Ijó ni ìyá ń jó lọ.

Ọládèjì padà wá lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó yá, ó ń wa mọ́tò láti Addison wá ní Sátidé, àwọn méjèèjì á jọ rìn yí adágún White Rock ká. Ó bẹ Mojíbọ́lá pé kó má pe òun ní ẹ̀yin mọ́. Ó máa ń wo ẹsẹ̀ èèyàn kó tó wo ojú wọn, Mojíbọ́lá sì bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wò.

"Ẹsẹ̀ rẹ."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, olólùfẹ́ mi. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ni."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Mojíbọ́lá fi ń dá nìkan rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́.

Síbẹ̀, nǹkan kan ń dà á láàmú. Oṣù méjì kọjá, Ọládèjì ò dárúkọ ìgbéyàwó. Ẹni tó ti wádìí ilé tán, kí ló tún ń dúró dè? Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀, yóò ṣàdédé béèrè Olúṣẹ̀yẹ, àbúrò Mojíbọ́lá kan ṣoṣo. Olúṣẹ̀yẹ ń gbá bọ́ọ̀lù ní college, ìyẹn yunifásítì tó ń lọ, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n ń dé àṣíborí gbá. Ó ti fẹ́ jáde. Ní oṣù Kẹrin, ó fẹ́ wọ draft, ìyẹn àwọn ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá máa ń yan àwọn ọmọ college lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọládèjì a ní ṣé ó máa ń tètè jí? Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá na tiwọn, ṣé ó máa ń bínú? Mojíbọ́lá a dáhùn, a sì sọ fún ara rẹ̀ pé àna tó fẹ́ mọ àna ni.

Ìfẹ́ ló mú kó sọ èyí tí kò yẹ kó sọ. Wọ́n jókòó létí adágún lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún un nípa orúnkún Olúṣẹ̀yẹ, ọ̀rọ̀ tí bàbá àti ìyá wọn gan-an ò mọ̀. Ọládèjì gbé ọwọ́ sókè.

"Mojí, má sọ ọ́ fún mi."

Mojíbọ́lá rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ó sọ ọ́. Ní oṣù Kẹfà tó kọjá, Olúṣẹ̀yẹ ṣubú níbi tó ti ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Mojíbọ́lá fi tọ́jú ẹsẹ̀ náà nínú gàréèjì wọn. Bó ṣe ń ròyìn, ojú Ọládèjì ń yí padà. Ó mú Mojíbọ́lá dé ìdí mọ́tò rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta, college Olúṣẹ̀yẹ ṣe ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń rán èèyàn wá wo àwọn tó fẹ́ wọ draft. Mojíbọ́lá gbé omi àti táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀. Wọ́n gbé àwọn ọmọ náà sórí ìwọ̀n, wọ́n na téèpù sí ọwọ́ wọn bíi télọ̀ tó fẹ́ rán aṣọ, wọ́n ní kí wọ́n fò, wọ́n ní kí wọ́n sáré ogójì yáàdì. Níbi tí eré yẹn parí sí, àwọn ọkùnrin bíi méjìlá dé fìlà ẹgbẹ́ wọn, aago tí wọ́n fi ń wọn eré wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Olúṣẹ̀yẹ sáré kọjá, ọ̀kan nínú wọn tẹ aago rẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ọládèjì ni.

Orí Mojíbọ́lá fò lọ. Kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń rí. Ó rò pé ẹni tó jọ ọ́ ni. Ìgbà tí ọkùnrin náà gbójú sókè tó rí i, tí ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló tó mọ̀. Ó yí padà, Ọládèjì sáré tẹ̀ lé e dé ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"Ta ni ọ́?" Mojíbọ́lá bi í.

"Scout ni mí. Ẹgbẹ́ kan ló gbà mí láti wo àwọn ọmọ tí wọ́n lè yàn, àti ilé tí wọ́n ti jáde."

"Nígbà tí o ń bi Ìyá Adéfọlá léèrè ilé wa, ta lò ń wádìí?"

"Olúṣẹ̀yẹ ni."

"Létí adágún ńkọ́?"

"Ìwọ ni. Mi ò mọ ọjọ́ tó yí padà, Mojí. Mo ti wá ọjọ́ náà títí, mi ò rí i."

Mojíbọ́lá wọ mọ́tò. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá ibi tó yẹ kó ti yà. Ojú ń tì í, torí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ pé ọkùnrin kan ń wádìí ilé wọn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìtìjú lọ ni orúnkún Olúṣẹ̀yẹ. Ẹyin lohùn, ó ti jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Ọládèjì bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, wọ́n lè máà yan ọmọ náà rárá. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì máa fi ẹnu bà á jẹ́. Ó wá ẹ̀bi Ọládèjì, ó rí i. Ó wá ẹ̀bi ara rẹ̀, ó rí ìyẹn náà. Ó tún rántí ọwọ́ tí Ọládèjì gbé sókè létí adágún tó ní kó má sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sì tún dà rú mọ́ ọn lójú. Ọ̀tá wo ló ń sọ fún èèyàn pé kó má tú àṣírí?

Ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi gbé fóònù Ọládèjì. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó wọ yàrá Olúṣẹ̀yẹ, ó jẹ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ ní, "Sister Mojí, mo ti mọ̀. Ó pè mí ní Wednesday."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì gba ìdajì. Ọládèjì ti lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò lè kọ ìwé Olúṣẹ̀yẹ mọ́, torí òun nífẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ohun tí òun gbọ́ nípa ilé yẹn, etí àfẹ́sọ́nà lòun fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí scout. Ọ̀gá ní kó sọ ohun tó gbọ́. Ó kọ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ Texas lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa wo àwọn college kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Nebraska lọ́nà jíjìn. Ohun kan péré ló bẹ Olúṣẹ̀yẹ, pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúnkún náà fún àwọn dókítà ẹgbẹ́, nítorí ẹni tó bá yan èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yàn. Olúṣẹ̀yẹ sì ti sọ ọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya orúnkún náà wò, ó ti san, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ kan ò pè é mọ́. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà, àná lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn dáadáa.

Mojíbọ́lá sunkún, kò sì mọ èyí tó ń sunkún fún. Ẹnu kan náà ló tàn án, ẹnu kan náà ló bò ó láṣìírí. Èwo ni Ọládèjì nínú méjèèjì? Kò pè é.

Oṣù Kẹrin dé. Wọ́n jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń gbọ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá wọn ti gbààwẹ̀ débi tí ohùn wọn fi lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nígbà tó ti ń tán lọ, fóònù Olúṣẹ̀yẹ dún, ẹgbẹ́ kan láti ọ̀nà jíjìn yàn án. Bàbá wọn fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ náà mú. Ẹkún ayọ̀ gbalé, Mojíbọ́lá sì rí i pé ẹnì kan ló wu òun láti sọ fún.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọládèjì dé láti Nebraska. Kò dá wá. Àbúrò bàbá rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ìwé kan sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí Mojíbọ́lá, ó gbé ìwé náà kalẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ló wà níbẹ̀, ti pásítọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ti onílé rẹ̀, ti ọ̀gá tó lé e lọ sí Nebraska, títí kan ti ọmọbìnrin tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní òun wádìí ilé wọn láìgba àṣẹ, kí wọ́n wádìí tòun náà.

Bàbá Mojíbọ́lá yọ gíláàsì. "Àìsàn wo ni ẹ ń fi pamọ́ nílé yín?"

"Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe bàbá mi, sà. Tèmi ni pé mo máa ń ṣojo bí ọ̀rọ̀ bá le. Oṣù méjì ni mo fi pa ẹnu mọ́ fún Mojíbọ́lá. Òun ni àìsàn mi."

Bàbá ká ìwé náà sápò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń pe nọ́ńbà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lẹ́nu ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ọládèjì tún wá láti Nebraska; ìsìn parí, wọ́n tún ń ká àga jọ. Bàbá pe Mojíbọ́lá, wọ́n pe Ọládèjì.

"Mo ti pe gbogbo wọn," ni Bàbá wí. "Ọmọbìnrin tó kọ̀ ọ́ gan-an yìn ín. Ẹnì kan ló kù tí mi ò tíì bi. Mojí, irú èèyàn wo ni Ọládèjì?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣì dà rú mọ́ Mojíbọ́lá lójú níbì kan, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀. Ó wo Ọládèjì. Ọkùnrin náà ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí, ojú rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹni tó gbọ́ àṣírí wa tí kò tà á ni, Dádì," ó ní. "Ìyókù, èmi náà ṣì ń wádìí rẹ̀. Àmọ́ inú ilé rẹ̀ ni mo ti fẹ́ máa ṣe ìwádìí náà."

Bàbá ní ó tó, kí àwọn ẹbí wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọládèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àga tó wà níwájú rẹ̀, ó sì mú un láti ẹ̀yìn.