Bàbá Tó Há Káàdì Ojú Sórí

"Ẹ wo ihò tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú àwọ̀n yìí, Bàbá Waliyah! Ọbọ̀kún á gba ibẹ̀ jáde, á tún dúró kí wa."

Bísíríyù rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Rọ̀kíbátù ìyàwó rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ìka ló fi ń wá ihò kiri. Rọ̀kíbátù mọ̀. Ó ń rí ẹyinjú ọkọ rẹ̀ tó ń funfun bí omi ẹ̀kọ. Ó ń rí àwọn apẹja tó ń gbé àwọ̀n wọn lọ fún ẹlòmíì.

"Èéfín ẹja tí ò ń yan ni," ni Bísíríyù máa ń wí. "Omi ṣúgà tí mò ń kán sójú á fọ̀ ọ́."

Nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú kan wá ń yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́, Rọ̀kíbátù wọ́ ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń ba bàbá. Ó ti gbọ́ pé wọ́n máa ń yọ ojú, wọ́n á ṣan án, wọ́n á dá a padà! Lórí ìlà, ó ń fetí kó ohun tí àwọn tó wà níwájú ń sọ nípa ibi tí àmì ara káàdì tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò kọjú sí.

Ó kàn án. Ó kà á geere bí ọmọ kéwú: "Òkè! Ọ̀tún! Ìsàlẹ̀! Òsì!"

Nọ́ọ̀sì Hasanat dorí káàdì kodò. "Bàbá, ẹ tún un kà."

"Òkè! Ọ̀tún! Ìsàlẹ̀! Òsì!"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Rọ̀kíbátù kò rẹ́rìn-ín. "Bójú yín bá fọ́ tán, ta ni yóò máa sọ fún mi pé gèlè mi wọ́?"

"Wọ́n ní ẹ máa ń yọ ojú ni," ni bàbá wí.

"A kì í yọ ojú, Bàbá," ni Hasanat wí. "Ohun kan wà nínú ẹyinjú tó mọ́ bí gíláàsì. Ọjọ́ orí ló sábà ń sọ ọ́ di funfun. Kò sí oògùn tẹ́ ẹ lè kán sí i tí yóò fọ̀ ọ́. A ó fún ojú náà ní oògùn tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìrora, a ó yọ èyí tó bàjẹ́, a ó fi tuntun síbẹ̀. Kì í pẹ́ rárá."

"Rọ̀kí, ṣé wàá tẹ̀ lé mi?"

"Ibo ni mo tún ń lọ?"

Ìkòròdú ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí báńdéèjì. Bísíríyù tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀ títí.

"Ìgbà wo lorí rẹ funfun báyìí?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ ń po tíì sójú ni!"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ojú kì í ṣe ife tíì. Ẹ má kán ṣúgà, ìtọ̀ tàbí oògùn tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì sí i. Bí ìríran yín bá ti ń ṣú, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Bí wọ́n bá sì gbé káàdì síwájú yín, ohun tẹ́ ẹ rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ. Ara yín nìkan lẹ lè tàn níbẹ̀.

Àwọ̀n Bísíríyù ńkọ́? Ẹ lọ bi ọbọ̀kún tó há sínú rẹ̀.