Ìlú Olódi àti Pásípọ́ọ̀tù Méjì

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Mummy Àpèkẹ́ Ṣówùnmí tó mọ̀ pé pásípọ́ọ̀tù òun méjèèjì ti dàwátì, ti Nàìjíríà àti ti ìlú ọba. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó padà sílé, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì tó ti fi tọ́jú aláìsàn ní London. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Dámi ọmọ rẹ̀ ti pe ọlọ́pàá, ó sì ti dárúkọ olè fún wọn. Ìyèbíyè ni, ọmọbìnrin tí iléeṣẹ́ olùtọ́jú ń rán wá láràárọ̀ láti ran Mummy lọ́wọ́, nítorí èjìká ọ̀tún rẹ̀ tó ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Insípẹ́kítọ̀ Mojọláolúwa Ṣọ̀nẹ́yẹ ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Woolwich ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Kì í pariwo, kì í kánjú. Àwọn ọ̀daràn tó ti mú rí máa ń sọ pé ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń sùn nígbà tí àwọn ń parọ́ fún un.

Ó bá Mummy Àpèkẹ́ nínú yàrá, nínú ilé rẹ̀ ní Yarnton Way.

"Ẹ kú ìdààmú o, Mummy. Níbo lẹ kó wọn sí?"

"Inú dúrọ́ọ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí. Olè ọ̀hún ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀gbà ọrùn wúrà mi."

Mojọláolúwa kúnlẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ náà. Kò mira. Ọ̀rinrin ilé ti mú kí pákó rẹ̀ wú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fà á tagbáratagbára kí ó tó han gooro tó jáde. Wúrà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ta ló bá yín ṣí i láàárọ̀ yìí?"

"Ìyèbíyè ni. Èmi kẹ̀, pẹ̀lú èjìká yìí?"

"Ṣáájú ìyẹn ńkọ́?"

"Dámi ló bá mi kó wọn jáde, nígbà tí a fẹ́ lọ sí Malta."

Mojọláolúwa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. "Ẹ sọ ti ìrìn-àjò yẹn fún mi, Mummy."

Ojú ìyá àgbà náà mọ́lẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án ni wọ́n lọ láti inú ìjọ Aládúrà wọn, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò ní erékùṣù náà, wọ́n sì ti dé láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n mú wọn lọ sí Mdina.

"Ìlú kékeré kan ni, lórí òkè. Odi òkúta yí i ká, a gba orí afárá wọ ẹnubodè rẹ̀. Bí a ti wọlé, ariwo ọkọ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi. Àwọn òpópónà ibẹ̀ há, wọ́n ń kọ́rọ̀ kiri, àwọn ilé ibẹ̀ sì pọ́n bí oyin nínú oòrùn. Mo wá rí ìyá arúgbó kan tó ń gbá iwájú ilé. Wọ́n ní ilé bàbá rẹ̀ ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó gbálẹ̀ tán, ó wọ́n omi sí i, ó bá gbé àga jáde, ó jókòó."

Ó fi ọwọ́ òsì ra èjìká tó ń dùn ún.

"Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì ni mí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwa náà lódi. Bàbá mi máa ń mú mi lọ wo Eredo, odi àtijọ́ wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo bá bi ara mi pé, ta ló ń gbá iwájú ilé bàbá tèmi? Lórí odi ìlú yẹn ni mo ti sọ fún gbogbo wọn pé mò ń lọ sílé. Ilé làbọ̀ sinmi oko."

"Àwọn wo ló ti wá síbí láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé?"

"Ìyèbíyè, lójoojúmọ́. Daddy Enoch tí a jọ lọ kó fọ́tò ìrìn-àjò wá lọ́jọ́ Tuesday. Àwọn ọmọ Dámi ń ṣàìsàn, àárọ̀ òní lòun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Dámi wà ní kíṣìnnì, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Inspector, kí lẹ tún ń wádìí? Ọmọ yẹn nìkan ló ń wọ yàrá wọn. Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora."

"Ẹ̀ẹ̀kan wo ló ti jalè rí, Auntie Dámi?"

Dámi tún ki abọ́ kan bọ omi.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ò fẹ́ kí wọ́n lọ."

"Mi ò fẹ́! Ta ló máa fẹ́? Mo sunkún títí. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn."

Mojọláolúwa rí báàgì kan tí wọ́n fi koríko hun, tó rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ya ẹnubodè ìlú kan sí i lára. Síìpù àpò inú rẹ̀ wà ní ṣíṣí, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi owó ẹyọ Yúrò mẹ́ta.

"Mdina ni Mummy ti rà á," ni Dámi wí. "Wọ́n ní àwọn ò gbé e jáde mọ́ láti ìgbà tí àwọn ti dé."

Ní ìrọ̀lẹ́, Insípẹ́kítọ̀ dé Glyndon Estate, níbi tí Ìyèbíyè háyà yàrá sí. Ọmọbìnrin náà ti ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí àga. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọwọ́ mi mọ́, Auntie. Agency ti ní kí n má wá síṣẹ́ mọ́ títí ẹ máa fi wádìí tán. Tí wọ́n bá yọ sponsor tí físà mi dúró lé, ọgọ́ta ọjọ́ péré nìjọba máa fún mi láti wá òmíràn tàbí kí n kúrò nílùú. Èmi ni mò ń rán àwọn àbúrò mi níléèwé."

"O mọ ibi tí pásípọ́ọ̀tù náà wà?"

"Mi ò mọ̀, ma. Àárọ̀ òní ni wọ́n ní kí n bá àwọn fa dúrọ́ọ̀ kan. Eruku kún orí ọwọ́ rẹ̀. Ó le débi pé mo ní láti jókòó sílẹ̀ kí n tó rí i fà."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Insípẹ́kítọ̀ lọ sí Barnfield Estate lọ bá Daddy Enoch. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì dákẹ́. Kúlà oúnjẹ kan wà lórí tábìlì, tí wọ́n kọ *Àpèkẹ́* sí lára.

"Ìyá yẹn ló ń fún mi lóúnjẹ Sunday," ni bàbá náà wí bó ti ń po tíì.

"Ẹ ti gbọ́ nípa pásípọ́ọ̀tù wọn, Daddy?"

"Dámi pe gbogbo wa ní àná. Ó ní ọmọ tó ń tọ́jú wọn ti jí i kó." Ó mi orí. "Ó dùn mí. Bẹ́ẹ̀ mo ti ní kó má fi wọ́n sílẹ̀ nínú báàgì koríko yẹn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá yà sí kíṣìnnì á rí i."

Mojọláolúwa rọra mu tíì rẹ̀. Ó tún mu díẹ̀ sí i. "Ẹ wà pẹ̀lú wọn ní Mdina?"

"Àwa méjèèjì la jókòó lórí odi. Ó ju wákàtí kan lọ. Òkun wà lókèèrè. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí fèrèsé. "Ìlú tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́."

Ní ọ̀sán Sátidé, Insípẹ́kítọ̀ pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ Mummy Àpèkẹ́. Ìyèbíyè dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, Mojọláolúwa sì fi àga hàn án pé kó jókòó.

"Mummy kò lè dá ṣí dúrọ́ọ̀ wọn," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Auntie Dámi ló ṣí i kí wọ́n tó lọ sí Malta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó ṣí i mọ́ títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí Ìyèbíyè fà á. Báwo ni pásípọ́ọ̀tù ṣe máa padà sínú rẹ̀?"

Mummy Àpèkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Inú báàgì ni wọ́n wà! Mo kó wọn síbẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú."

"Ibẹ̀ ni wọ́n wà, Mummy, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi pé dúrọ́ọ̀ ni. Auntie Dámi, kí lẹ sọ fún àwọn ará ìjọ lórí fóònù?"

"Mo ní ó jí i kó nínú dúrọ́ọ̀."

"Ẹ ṣeun. Dúrọ́ọ̀ ni gbogbo ayé gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún mi pé báàgì ni. Ẹni tó bá rí wọn nínú báàgì tẹ́lẹ̀, tó wá gbọ́ pé wọ́n jí wọn nínú dúrọ́ọ̀, á rò pé Mummy ti kó wọn padà síbẹ̀. Àfi ẹni tó mú wọn nínú báàgì fúnra rẹ̀." Ó yí ojú. "Daddy Enoch, nígbà tí Mummy ń wo fọ́tò níbí lọ́jọ́ Tuesday, ẹ̀yin lẹ lọ bu omi ní kíṣìnnì, àbí?"

Bàbá náà ti ọwọ́ bọ àpò àyà kóòtù rẹ̀, ó yọ ìwé kékeré méjì jáde, ó kó wọn lé tábìlì.

"Mi ò fẹ́ ba nǹkan kan jẹ́. Tí ọjọ́ ọkọ̀ bá ti kọjá, mo fẹ́ dá wọn padà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa mú ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹ mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀," ni Mojọláolúwa wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Òní ni Sátidé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, Daddy. Ẹ wà lọ́jà náà, ẹ sì ń wò ó."

Mummy Àpèkẹ́ ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Enoch," ló pè é. Kò fi Daddy kún un. "A jókòó lórí odi yẹn ju wákàtí kan lọ. Ẹnu rẹ wà lẹ́nu rẹ."

"Kí ni ǹ bá sọ?"

"Pé o ò fẹ́ kí n lọ."

"Ṣé o ò bá dúró ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ǹ bá mọ̀."

Bàbá náà sọ orí kọ́.

Mummy kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Mojọláolúwa ní kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tóun rí lòun máa kọ sílẹ̀, ọwọ́ agency Ìyèbíyè sì ni ẹ̀dà kan máa dé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Dámi ti kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà, ó ń sunkún, ó ní èṣù ló ti òun. Ìyèbíyè ní kò sí wàhálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Daddy Enoch bá dìde. Ó rìn dé iwájú Ìyèbíyè, ọmọ tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀. Dámi sáré láti gbá a mú.

"Fi í sílẹ̀," ni Mummy wí. "Jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀."

Ìyèbíyè kò dá a dúró. Ó ń wò ó títí orúnkún fi kanlẹ̀, títí ọwọ́ fi kanlẹ̀, títí àyà rẹ̀ fi kan kápẹ́ẹ̀tì. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ti tó, sà. Ẹ dìde."

Bàbá náà gbìyànjú, kò rí i ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ìyèbíyè bá dìde lórí àga, ó rọ́ apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ti apá bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta fún un, ó sì gbé e dìde.