Àwo Inú Páálí Obìnrin Onífìlà Pupa

"Ìbíjọkẹ́, bá mi gbé ẹ̀kẹrin láti apá òsì, pẹpẹ òkè."

Ìbíjọkẹ́ pa ìwé ìṣirò rẹ̀ dé, ó sì dìde. Ó fa àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀kẹrin jáde, ó yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀, ó tún yọ ọ́ kúrò nínú bébà funfun tó wà nínú páálí. Etí àwo nìkan ló fọwọ́ kàn, bí Bàbá ṣe kọ́ ọ. Ó gbé e lé orí ẹ̀rọ, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Àwo náà kọ́kọ́ ń ta pàrà pàrà bí ẹ̀pà tó wà lórí iná, lẹ́yìn náà ni fèrè wọlé.

Bàbá Ọláníyan fẹ̀yìn ti àga. Bàbá ìyá Ìbíjọkẹ́ ni. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ogójì ọdún yẹn náà ló fi ń kó àwo orin jáàsì jọ, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lóṣù tó ń bọ̀, títí wọ́n fi lé ní igba. Nígbà tí àìsàn ojú dé, kò pariwo. Ọdún tó kọjá ó ṣì ń rí fìrìfìrì. Lọ́dún yìí, kò rí nǹkan kan mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí ló wá di ojú rẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí Ìbíjọkẹ́ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á kán oògùn sí Bàbá lójú, á gbé oúnjẹ kaná, á fọ abọ́, á sì jókòó ti ìwé nítorí pé ìdánwò àṣejáde ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta iṣu ní Mile 12. Ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wú ló ń wọlé, fóònù kan ṣoṣo tó wà nínú ilé á sì ti kú sínú báàgì rẹ̀. Àárín gbogbo eléyìí ni Bàbá á máa pe ẹ̀kẹrin láti apá òsì, ìkọkànlá láti apá ọ̀tún. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe Ìbíjọkẹ́ bíi pé kí àwọn àwo náà fúnra wọn sinmi.

Ipò tó wà nìyí nígbà tí Edith bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Edith, ẹ́sítéètì kan tó ní géètì lápá Ìṣẹrí Olówòóra ni wọ́n ń gbé.

"Jọ̀kẹ́, o ò ṣe fún mi nínú àwọn páálí rẹ́kọ́ọ̀dù grandpa ẹ? Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ògiri yàrá mi. Gbogbo àwọn tó ń ṣe fídíò ló ń ṣe é báyìí."

"Ti Bàbá ni."

"Bàbá tí ò ríran. Jọ̀kẹ́, abeg. Mélòó ni wọ́n ní?"

"Wọ́n lé ní igba."

"Mo ní kí o fún mi ní mẹ́wàá nínú igba, o wá ń wò mí bí ẹni tó ní kí o gé ẹsẹ̀ wọn wá."

Ìbíjọkẹ́ rẹ́rìn-ín. Edith rí ẹ̀rín náà, ó sún mọ́ ọn.

"Wò ó, fóònù mi àtijọ́ wà nílé, kò ṣe mí nǹkan kan. Máa mú un lọ. Wàá fi máa ka àwọn ìbéèrè ọdún tó ti kọjá. Ṣé o máa kó wọn wá ní Friday?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìbíjọkẹ́ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Pẹpẹ òkè ni Bàbá máa ń pè, kì í pe pẹpẹ ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń bá a gbé àwo, kò tíì ní kí ó mú ẹyọ kan níbẹ̀. Kí ni èèyàn ń fi nǹkan tí kò gbọ́ ṣe? Ó sì rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá rẹ̀, ohun tó rọrùn ló máa ń dà bí òótọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Thursday, bí Bàbá ti ń sùn lórí àga, ó kó mẹ́wàá nínú àwọn tó rẹwà jù ní pẹpẹ ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní àwòrán obìnrin kan tó dé fìlà pupa, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún. Àmọ́ Bàbá máa ń fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ àwọn àwo lọ nígbà mìíràn, bí ẹni tó ń ka ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, Ìbíjọkẹ́ gé páálí kàléńdà àtijọ́, ó sì tò ó sí ibi tí ó ṣófo.

Fóònù tí Edith fún un dára. Ó kàwé lórí rẹ̀ lóòótọ́.

Ní Monday kan, ó ṣe ìdánwò òwúrọ̀ dé, ó bá Bàbá nínú pálọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà lẹ́sẹ̀. Bàbá kì í wọ bàtà nínú ilé.

"Ẹ ń jáde ni, Bàbá?"

"Rárá. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà lòní, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Jókòó, kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ. Àwọn ọdún tó kọjá, èmi nìkan ni mo máa ń ṣe ìrántí ọjọ́ yìí, nígbà tí ẹ bá wà níta. Lọ́dún yìí, ojú rẹ ni mo máa yá." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Lọ́jọ́ òní, lọ́dún 1976, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bíi tìẹ jáde ní Soweto, ní South Africa. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n fi èdè àwọn òyìnbó tó ń fìyà jẹ àwọn kọ́ àwọn níwèé. Ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn. Àwọn kan sá kúrò nílùú, ìjọba wa sì gba díẹ̀ nínú wọn síbí. Lwazi wà lára wọn. Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwo kan ṣoṣo ló gbé wá láti ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fun fèrè nínú ẹ̀."

"Jáàsì tiwọn náà ni?"

"Tiwọn ni. Èmi tí mo rò pé America nìkan ni jáàsì wà, ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Orin tó ń sunkún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jó." Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A jó o títí a fi fi ìdí gbá tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kan. Abẹ́rẹ́ ha àwo náà lára. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti dé àárín orin kejì, á fò. Lwazi lọ lọ́dún kejì, ó ní òun ń lọ bá àwọn ará òun. Ó ní kí n bá òun tọ́jú àwo náà. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́."

Ìbíjọkẹ́ dìde, ó kọjú sí pẹpẹ òkè.

"Ó wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀," ni Bàbá wí. "Nígbà tá a ṣì ń gbé ní Àgílítì, tí omíyalé wọlé bá wa, àwọn páálí kan rà. Mo fọ àwọn àwo tó ṣẹ́ kù, mo sì fi wọ́n sínú páálí mìíràn tó gbẹ. Ẹni tó bá wo ìta kò lè mọ ohun tó wà nínú. Wá obìnrin kan tó dé fìlà pupa. Àwo inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Àwo Lwazi ni."

Ìbíjọkẹ́ lọ síbi pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, ó wo páálí kàléńdà tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé. Ó ṣeé ṣe kó sọ òótọ́ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó mú àwo mìíràn ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ kan náà, ó gbé e lé ẹ̀rọ.

Bàbá tẹ́tí. Dùrù ló bẹ̀rẹ̀, fèrè kò sí níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí ojú kan àwo náà fi parí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ.

"O ṣeun, ọmọ mi. Èyí kọ́. Mo ti gbàgbé ibi tí mo fi í sí nìyẹn. Ojú ti lọ, ó jọ pé orí náà ti ń tẹ̀ lé e."

Ká ní ó jágbe mọ́ ọn ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbíjọkẹ́ gbé fóònù náà, ó lọ sí ilé Edith. Àwọn páálí wà lára ògiri, obìnrin onífìlà pupa náà wà láàárín, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àwọn àwo inú wọn dà?"

"Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àfi mẹ́ta. Mo rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù: wàá gbé e sínú oven, á rọ̀, wàá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara abọ́." Edith tọ́ka sí orí tábìlì. Abọ́ dúdú mẹ́ta ló wà níbẹ̀, etí wọn rí wọ́lọwọ̀lọ bí etí ewé. Yẹtí ló wà nínú ọ̀kan. "Wọ́n fine, àbí?"

Ìbíjọkẹ́ da yẹtí náà sórí tábìlì. Ó ka bébà roboto tó wà ní ìsàlẹ̀ abọ́ náà. Orúkọ ẹgbẹ́ olórin kan tí kò lè pè wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kékeré kan: Johannesburg.

"Gba fóònù ẹ," ló wí. "Màá kó gbogbo wọn padà."

"Jọ̀kẹ́, kí ló dé? O ò sọ fún mi pé ó ní èyí tó ṣe pàtàkì."

"Èmi náà ò mọ̀. Mi ò bèèrè."

Edith ò jà. Ó bá a yọ àwọn páálí lára ògiri, ó bá a wá báàgì, ó sì sìn ín dé géètì.

Nílé, Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú àga, ó gbé abọ́ náà sí Bàbá lọ́wọ́. Ó rò ó fún un látorí fóònù dórí páálí kàléńdà, kò fo ọ̀kan. Bàbá ń fi ìka tọ etí abọ́ náà lọ, tó ń tẹ̀ tó ń gbéra. Ó fọwọ́ kan àwọn ilà tín-ínrín tí orin wà nínú wọn.

"Mi ò gbàgbé nìyẹn."

"Ẹ ò gbàgbé, Bàbá. Èmi ni mo purọ́."

"Èyí tó dùn mí jù nìyẹn." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Àwo lè bàjẹ́. Omi ì bá ti bà á jẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n máa fura sí orí ara mi. Dìde nílẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ ṣe. Ó rẹ̀ mí."

Ọjọ́ mẹ́fà kọjá, Bàbá kò pe àwo kankan.

Nígbà tí ìdánwò parí, Ìbíjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo fóònù ìyá rẹ̀ láàárọ̀ Sunday, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ń sinmi. Ó wá orúkọ ẹgbẹ́ olórin náà, kò rí i. Ó rí ọ̀pọ̀ orin jáàsì South Africa mìíràn, ó sì ń gbọ́ wọn ní ohùn jẹ́jẹ́, títí ohun tí Bàbá sọ nípa orin tó ń sunkún tó ń jó fi wá yé e. Ó rí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń kó àwo jọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó kọ̀wé sí wọn. Ó ya àwòrán abọ́ náà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ló fà á tó fi di abọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí èsì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan bú u. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyá àgbà kan ní Durban dáhùn pé irú àwo náà wà lọ́wọ́ òun, àti pé òun ti gbọ́ irú ìtàn tó burú ju èyí lọ. Ó fi orin náà ránṣẹ́.

Ìbíjọkẹ́ ò tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ bèèrè.

"Bàbá, mo rí orin Lwazi. Kì í ṣe àwo yín o, ti ẹlòmíì ni. Ṣé kí n fi sí i fún yín?"

"Gbé bàtà mi wá ná," ni Bàbá wí.

Wọ́n gbé fóònù náà sínú abọ́ dúdú kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Fèrè wọlé. Ẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí orin kejì dé àárín, ó gbé ìka kan sókè, ó ń dúró de ibi tó máa ń fò. Kò fò. Fèrè gun òkè, ó yí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìka Bàbá ṣì wà lókè.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún," ló wí nígbà tó yá, "mi ò rántí pé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé orin náà ni, Bàbá?"

"Orin náà ni. Ó dára. Àwo mi kọ́." Ó gbé ìka rẹ̀ wálẹ̀. "Èyí tèmi máa ń fò."

Ìbíjọkẹ́ kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó ti yé e pé ohun tí a bá mú láìbèèrè, a lè rí ohun tó jọ ọ́ fi dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la mú. Àti pé irọ́ tí a fi bo ìwà náà lè jẹ́ kí ẹni tó fọkàn tán wa má gbà pé orí òun ṣì pé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé pẹ́ńsùlù àti ègé bébà kéékèèké jókòó síwájú pẹpẹ ìsàlẹ̀.

"Bàbá, kí ló wà nínú ẹ̀kíní láti apá òsì?"

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.