Oyèwálé àti Alárinà Rẹ̀

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ẹni tó o fọkàn tán ti dà rí, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí.

Nọ́ọ̀sì ni Oyèwálé ní Greenbelt, ní Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Aṣọ iṣẹ́ ló ń wọ̀ lọ ra gàrí lọ́jọ́ ìsinmi. Ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù á rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ọba, bí ẹni pé iṣu kan fẹ́ dákú nínú ṣọ́ọ̀bù.

Bí wọ́n bá pè é sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín ni yóò rín. Yóò ní àwọn ń wá Olùgbàlà, òun rèé, òun ń gba ẹ̀mí là tọ̀sán tòru. Kí lòun tún ń wá?

Obìnrin kan wù ú ní Capitol Heights, ìlú kan nítòsí ibẹ̀, Yẹ́misí lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn bíi tirẹ̀ ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síwájú àwọn òbí ọmọge, bí ẹni tó ń wáṣẹ́? Ó ní nílé tiwọn, alárinà là ń rán. Ó bá rán Ọládẹ̀jọ, ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tó ń sùn sí pálọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí físà ọmọ náà ti parí. Òun alára gba iṣẹ́ oṣù díẹ̀ lọ sí abúlé kan láàrin gbùngbùn Amẹ́ríkà.

Pápá koríko àti oko àlìkámà ló tẹ́ lọ salalu níbẹ̀, títí tó fi kan ẹsẹ̀ sánmà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé epo kan, ilé ìwòsàn kékeré kan, ó tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo awakọ̀ tó pàdé ló na ìka márààrún sí i. Oyèwálé rò pé ìyá òun ni wọ́n ń bú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún wọn. Àṣé ìkíni ni. Ni wọ́n bá ń sọ kiri abúlé pé nọ́ọ̀sì tuntun yìí lọ́yàyà.

Tó bá pe Ọládẹ̀jọ lórí fóònù, a fi àwọn ará oko tí kì í ti ìlẹ̀kùn yẹn ṣẹ̀sín, kó tó béèrè ọ̀rọ̀ Yẹ́misí. Ọládẹ̀jọ a ní kí bọ̀dá òun fọkàn balẹ̀, ó ń lọ dáadáa.

Lóòótọ́, ó ń lọ dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nílé Anna, ìyá àgbà opó tí Oyèwálé háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù rẹ̀: Ọládẹ̀jọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn òbí Yẹ́misí. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó rò pé nítorí tòun lọmọ náà ṣe dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tó rí Yẹ́misí tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ là. Ó pe Yẹ́misí. Obìnrin náà kò pariwo.

“Bọ̀dá Wálé, ẹ kò wá rárá. Ẹni tó wá ni mo rí.”

Ẹni tó fún nílé gbé! Ẹni tó bọ́! Oyèwálé wá nọ́ńbà àwọn ìmígíréṣọ̀n sórí fóònù. Ìpè kan ṣoṣo, Ọládẹ̀jọ á bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn nígbà tí Anna ní kó wá bá òun gbé oúnjẹ lọ sóko.

Gbogbo abúlé ni wọ́n bá níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkórè wọn. Oko Aaron ni, àgbẹ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Oyèwálé béèrè bóyá ìbátan ìyá ni.

“Ìbátan kẹ̀? Aaron ló purọ́ ní kọ́ọ̀tù, tó gba ilẹ̀ ọkọ mi. Ibi tó o dúró sí yìí gan-an ni.”

“Màmá, kí wá ló dé tí ẹ fi ń bá a kórè?”

“Ọmọ mi, ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀tá Ọlọ́run, kò jókòó sọ́run kó máa ránṣẹ́ sí mi. Ó wá fúnra rẹ̀, a sì kàn án mọ́gi. Ṣé èmi wá lè jókòó sílé?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Oyèwálé lọ́kàn. Ó rántí ọjọ́ tó tò síwájú ilé físà ní Èkó, tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bí Olúwa bá ṣe é, Tirẹ̀ lòun títí ayé. Olúwa ṣe é. Oyèwálé dé Amẹ́ríkà, kò tún bojú wẹ̀yìn kí I. Ta wá ni ọ̀dàlẹ̀?

Ó kúnlẹ̀ sáàrin àlìkámà gígé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. “Jésù, ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Gbà mí.” Kò pe nọ́ńbà yẹn mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé e padà dé New Carrollton, nítòsí Greenbelt, kò kọjú sílé. Capitol Heights ló lọ, sẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn òbí Yẹ́misí, èyí tó yẹ kó ti kàn látijọ́. Ọládẹ̀jọ ló ṣí i. Bó ṣe rí i, ó dọ̀bálẹ̀.

“Dìde,” ni Oyèwálé wí. “Ohun tó o ṣe dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo wá láti dárí jì ọ́.”

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé o lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó dà ọ́. Ẹni tí ìwọ náà dà ńkọ́? Ẹ̀jẹ́ wo lo jẹ́ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ ìṣòro, tó o gbàgbé lọ́jọ́ ìdẹ̀ra? Jésù kò rán ẹnikẹ́ni wá kú nípò rẹ̀. Ọwọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni, àpá ìṣó sì wà nínú rẹ̀. Má sọ pé ó dìgbà tí iṣẹ́ bá tán. Dìde lónìí, ronú pìwà dà, kí o ṣílẹ̀kùn. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá ṣí i.